Èènì Ìyá Emùré

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ òní, bóyá pẹ̀lú ẹ̀wà, bóyá pẹ̀lú tíì. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú yín bèèrè ẹni tí ó gbé e dé ìsọ̀ tí ẹ ti rà á. Èmi náà kò bèèrè rí, títí tí mo fi di ẹni tí ń gbé e.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ fún ilé búrẹ́dì kan ní Ìkẹ́rẹ́, láti ọdún 2021 títí di ọdún 2024. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí mo jẹ oúnjẹ níbẹ̀. Dírẹ́bà kejì ni ó ń ná ọ̀nà Adó. Ọ̀nà tèmi ni Ìsẹ̀ sí Emùré.

Ní aago mẹ́rin ìdájí, nígbà tí òkùnkùn ṣì bo òkè Olósùnta, a ti ń to búrẹ́dì gbígbóná sórí pákó inú ọkọ̀. Akọ̀wé a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa kà, èmi náà a máa kà láti inú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì gbígbóná kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú oorun kà. Méjì a lẹ̀ mọ́ra, akọ̀wé a pè é ní mẹ́ta. Ẹnìkan a kí i, a dá a lóhùn, a sì gbàgbé ibi tí ó kà á dé. Bí ó bá kọ 300 sínú ìwé, tí n bá dé Emùré tí mo bá 297, mẹ́ta náà di gbèsè lọ́rùn mi. Èyí tí kò bá tà, tí mo gbé padà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n a yọ ìdajì owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi, wọ́n a ní n kò polówó tó. Owó oṣù náà kò sì pé 40,000 náírà.

Kí n má purọ́ mọ́ Mánijà, kì í ṣe òun ni ó ni ilé búrẹ́dì náà. Èkó ni ọ̀gá àgbà ń gbé. Fóònù ni ó fi ń jẹ ọba lé Mánijà lórí, Mánijà a sì wá jẹ ọba lé wa lórí. Àkókò náà pẹ̀lú kò dára fún oníbúrẹ́dì. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ àlìkámà tí a fi ń ṣe fúláwà wa ti ń wá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní February 2022, owó rẹ̀ gun òkè. Ní May 29, 2023, ìjọba ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fún lítà kan di 500 ó lé. Nígbà tí ó di June, náírà fúnra rẹ̀ já lulẹ̀ níwájú dọ́là. Oṣù yẹn gan-an ni Mánijà pè wá pé èènì ti parí.

Ẹni tí kò bá ta búrẹ́dì rí lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn já sí. Ẹni tí ó bá ra mẹ́wàá lọ́wọ́ wa máa ń gba ẹyọ kan lórí rẹ̀. Èènì yẹn ni èrè àwọn ìyá tí ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà. Iye tí wọ́n ń fi ra mẹ́wàá kò jìnnà sí iye tí wọ́n ń tà á. Ìkọkànlá ni ó ń di owó ọbẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè fi hàn wọ́n?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Alfa, ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ni? Ìwọ ṣáà sọ fún wọn.” Alfa ni ó máa ń pè mí nígbà tí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ó máa ń bá mi níbi tí mo ti ń kírun.

Mo sọ fún wọn. Alàájà kan wà ní Ìsẹ̀ tí ó máa ń ra ogójì lójúmọ́. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

“Dírẹ́bà, ṣé èmi ni o fẹ́ fi kọ́lé? Èènì mi mẹ́rin dà?”

“Alàájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ilé-iṣẹ́ ni ó fagi lé e.”

“Ilé-iṣẹ́ wo? Ìwọ ni mò ń bá ná. N kò mọ ilé-iṣẹ́ kankan.”

Ó bú mi débi pé àwọn ọlọ́kadà dúró wòran. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo rí i pé òdodo ni ó sọ. Kò tíì rí Mánijà rí. Ojú mi ni ojú ilé búrẹ́dì lọ́dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí. Lọ́dọ̀ Mánijà ẹ̀wẹ̀, èmi ni ojú gbogbo oníbàárà tí ó jẹ gbèsè. Ní February ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó ìnáwó di ohun tí a ń tò fún láti òru, gbogbo ènìyàn ń san owó láti orí fóònù. “Mo ti fi ránṣẹ́, Dírẹ́bà.” Fóònù mi dákẹ́, kò sí iṣẹ́ tí ó wọlé láti báńkì. Bí mo bá dúró dè é, búrẹ́dì tí ó kù yóò tutù kí n tó dé Emùré. Bí mo bá lọ, mo ti fi orúkọ ara mi dúró. Ọ̀pọ̀ owó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Àwọn kan kò wọlé títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní òun fi ránṣẹ́ sì ń ki ara rẹ̀ láyà pé òun fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìrun kún un, nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ a máa bi mí. Abẹ́ àga mi ni búútà mi máa ń wà, tí mo fi ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo kà á pé ilé-iṣẹ́ Amazon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì ní April 2021, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ sẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ tí ń tọ̀ sínú ìgò nítorí pé wọn kò ráyè dúró, mo dúpẹ́ fún búútà mi. Subhi kò ṣòro. Jímọ̀ ni ó ṣòro, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni ọjà mi máa ń tóbi jù. Mo lọ bá Alfa wa bóyá a lè kà mí sí arìnrìn-àjò. Ó bi mí bí Ìkẹ́rẹ́ sí Emùré ti jìnnà tó. Mo sọ fún un. Ó ní ìrìn-àjò tí àwọn onímọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ń tẹ̀ lé ń sọ tó nǹkan bí 80 kìlómítà, pé kí n wá ohun mìíràn sọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí Jímọ̀ ní Ìsẹ̀, tí fóònù mi a sì máa gbọ̀n nínú àpò títí ìmáàmù yóò fi sàlámà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí mo fi mú kálámù nìyí.

Ìyá àgbà kan wà ní Emùré, tí ó máa ń ta búrẹ́dì nítòsí mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Mẹ́wàá péré ni ó máa ń rà. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó máa ń bá a to ọjà kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. Òun nìkan ni kò bú mi nígbà tí mo ní èènì ti tán. Kì í sì í ka búrẹ́dì mi. A máa ní, “Ọmọ mi, bí ìwọ bá ti kà á, ó ti pé.”

Ní August ọdún 2023, wọ́n yọ 11,000 náírà nínú owó oṣù mi. Ọjọ́ kejì, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí, mo fi mẹ́sàn-án sílẹ̀, mo gba owó mẹ́wàá. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Ìyẹn ni ó ń bà mí lẹ́rù títí di òní.

Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo ní kì í ṣe olè, àìpé tí wọ́n dì mọ́ mi lọ́rùn ni mo ń dí. N kò dán an wò lọ́dọ̀ Alàájà Ìsẹ̀ tí ń bú mi, nítorí Alàájà a máa kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mánijà fún mi lọ́rùn, èmi náà wá ẹni tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ jù, mo fún un. Ọmọ ilé-kéú sì ni mí o. Súrátul-Mutaffifin, tí a fi orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù pè, wà lára èyí tí gbogbo wa kọ́ ní kékeré. Mo kà á nínú ìrun Subhi ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà, ó já geere lẹ́nu mi. Mo dé Emùré, mo tún yọ ọ̀kan.

Ó di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Mo ti fẹ́ wọ ọkọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọmọdébìnrin yẹn lẹ́yìn mi: “Mọ̀mọ́, mẹ́sàn-án náà tún ni.”

Tún ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó so ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

Ìyá ní kí ọmọ náà máa lọ sí ilé-ìwé. Ó ní kí n wá jókòó. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pariwo.

Ó ní, “Ṣé wọ́n ń yọ owó rẹ níbẹ̀ ni?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ọkọ mi wa lọ́rí kòkó. Bí àpò kan bá dín, wọ́n a yọ owó tirẹ̀ náà. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá wọlé.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti mọ̀. Mò ń retí kí o sọ fún mi ni.”

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, mo ní kí wọ́n foríjì mí nítorí Ọlọ́hun. Mo rò pé yóò ní kí n dìde, pé ó ti tán, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń ṣe. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

“Dìde. N kò tíì foríjì ọ́. Owó ọbẹ̀ ọmọ tí ó lọ yẹn ni. Lọ ka iye tí ó jẹ́, kí o dá a padà. Lẹ́yìn náà ni a ó sọ̀rọ̀ àforíjì.”

Mẹ́tàdínlógún. Owó ara mi ni mo fi ń rà á, ẹyọ kan lórí mẹ́wàá, ní ọjọ́ tí mo bá ní. Ó pẹ́ kí ó tó pé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ra ìwé kékeré kan, mo gbé e lọ bá Mánijà. Mo ní bí akọ̀wé bá ka ọgbọ̀n, kí a dúró, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, kí a tó ka òmíràn. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ Ànábì Mùsá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí òun náà ṣe àgbàṣe ní Mádíyánà. Nínú Súrátul-Qasas, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá iye ọdún: mẹ́jọ, bí ó bá sì fẹ́, mẹ́wàá. Ẹni tí ó gbà á sí iṣẹ́ sì ti sọ ọ́ pé òun kò fẹ́ ni í lára. Àwa ńkọ́? Èmi kò ní àdéhùn kankan ju pé kí n wá lọ́la. N kò sọ èyí fún Mánijà o. Ó wo ìwé náà, ó ní yóò fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n ó gbà. Àìpé dínkù gidigidi láàárín oṣù kan. Ti búrẹ́dì tí kò tà, kò gbà láti gbọ́ ọ rárá. Ó ní ọ̀gá àgbà kò ní gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́.

Ní January 29, 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró lọ́nà Eporo, ní agbègbè Emùré, wọ́n kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn lọ. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ padà wálé ní ìbẹ̀rẹ̀ February, alhamdulillahi. Wọ́n pa awakọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ní n kò ní kọjá Ìsẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mánijà ní oníbúrẹ́dì tí ó bá pẹ́, ẹlòmíràn ni yóò ta tirẹ̀. Òótọ́ ni ó sọ. Mo ṣáà lo oṣù náà tán, mo dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ padà.

Ní ọjọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, mo sọ fún ìyá pé ẹlòmíràn ni yóò máa gbé ọjà wá. Ó ṣàdúrà fún mi, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n kó búrẹ́dì sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ kan wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè, ó rọra ń kà á. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò, Mánijà ni. Mo jẹ́ kí ó máa dún títí ìyá fi kà á dé mẹ́wàá.