Mo Tọ Odò Ọ̀ṣun Dé Orísun Rẹ̀

Ẹni tó bá ti gba títì Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ rí yóò mọ Aṣéjírẹ́. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja a tò sí ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ ẹja díndín, òórùn epo gbígbóná a sì wọ inú ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Omi gbalasa tó wà nítòsí wọn, odò Ọ̀ṣun ni. Wọ́n dí i níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1972 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Púpọ̀ nínú àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn ti mu Ọ̀ṣun láti ẹnu ẹ̀rọ kí a tó fojú kan Òṣogbo.

Aṣéjírẹ́ yìí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò mi nínú oṣù kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ṣe ìwádìí lórí omi ní yunifásítì, ni mo bá lọ. Ó fẹ́ bu omi ní ibi mẹ́rin, láti ìsàlẹ̀ odò lọ sí òkè, títí dé Ìgèdè-Èkìtì tí Ọ̀ṣun ti sun. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí odò náà ti ń di aláwọ̀ amọ̀.

Ọ̀nà tó ń gbà bu omi tó ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Láti ilé ló ti fi ásíìdì fọ àwọn ike rẹ̀. Ní etí odò, ó tún fi omi odò náà ṣan ike lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bu èyí tó máa gbé lọ, lẹ́yìn náà ló kán ásíìdì díẹ̀ sí i. Mo bi í pé kí ni ásíìdì ń wá nínú omi tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, bí a kò bá kán an sí i, òjé inú omi lè lẹ̀ mọ́ ara ike. Bí a bá dé yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ yóò sọ pé omi mọ́, òjé yóò sì wà lára ike, tí yóò máa wò wá." Òjé ni irin rírọ̀ tó wúwo, èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Ó kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ibẹ̀ sára ike, ó sì tì í sáàárín yìnyín nínú kúlà.

Ọjọ́ kejì la wọ Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, ṣì ní ìparọ́rọ́ tirẹ̀: igi ńláńlá, ọ̀bọ tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àwọn ère gàgàrà tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ dé etí odò ni ọkàn mi bàjẹ́. Omi náà dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní ìgbà òjò, kò sí odò tí kì í rú, nítorí àgbàrá ní í gbé ẹrẹ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ la wà. Odò tó bá rú báyìí nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ènìyàn ló ń rú u.

Ẹ rántí ìtàn ìtẹ̀dó ìlú náà. Wọ́n ní nígbà tí àwọn Lárọ̀óyè àti Olútìmẹ̀yìn gé igi lulẹ̀ sínú odò, ohùn kan ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. N kò mọ ìlú mìíràn tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn tí odò fi kan ènìyàn.

Ìyá olórìṣà kan jókòó sí etí omi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí owó ẹyọ bá bọ́ sínú odò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ènìyàn yóò máa wò ó nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí mọ ohun tí àwọn obìnrin ń wá lọ síbẹ̀. Ọ̀ṣun ni ìyá tó ń fi omi tútù fúnni lọ́mọ. Nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí Arugbá bá gbé igbá dé odò, àwọn èèyàn láti ibi gbogbo, títí kan Bràsíl àti Kúbà, a máa bu omi náà mu, wọn a sì rọ ọ́ sínú ike lọ sílé. Ní ọdún 2022, kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé góńgó, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò ọ̀hún nítorí ohun tó ti wọ inú rẹ̀.

Òjé inú ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa gba inú ibi ọmọ kọjá sí ara ọmọ tó wà nínú. Mẹ́kúrì, irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọpọlọ ọmọ náà ni wọ́n ń bà jẹ́. Èyí ni pé obìnrin tó wá tọrọ ọmọ ni ohun tó wà nínú omi lè ṣe ní jàǹbá jù. Ìlànà omi mímu tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2007 sọ pé òjé kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà omi kan, mẹ́kúrì kò sì gbọdọ̀ ju 0.001 lọ. Ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ìyá náà bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọmọ mi, ṣé omi Ọ̀ṣun lè pa ènìyàn?" Ó kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. "Ìyá, Ọ̀ṣun kọ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń dà sí i ni." Ìyá mi orí, ó ní nígbà tí èsì bá jáde, kó wá sọ ọ́ fún òun fúnra rẹ̀, kó má rán ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀ a gba ọ̀nà Iléṣà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní wúrà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á, láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Lẹ́yìn abúlé kan, kòtò ló wà lọ́tùn-ún lósì. Omi abẹ́ ilẹ̀ ti sun kún inú àwọn tí wọ́n ti pa tì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú odò kékeré kan, wọ́n ń fi fọ ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Wúrà wúwo, inú kápẹ́ẹ̀tì ló ń rọ̀ sí. Ẹrẹ̀ fúyẹ́, ó ń bá omi padà sínú odò, odò kékeré náà sì ń gbé e lọ fún Ọ̀ṣun. Àwọ̀ tíì tí a rí ní Òṣogbo, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ẹrẹ̀ nìkan kọ́. Jákèjádò ayé, mẹ́kúrì ni àwọn awakùsà kéékèèké fi ń kó lẹ́búlẹ́bú wúrà jọ, nítorí pé ó máa ń di mọ́ ọn. Wọn a wá dáná sun àpapọ̀ méjèèjì; mẹ́kúrì a bá èéfín lọ, wúrà a ṣẹ́kù, òjò a sì dá púpọ̀ nínú mẹ́kúrì náà padà sílẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí a sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọ ara ẹja. Ẹja ńlá a gbé kékeré mì, ti ara ńlá a sì máa pọ̀ sí i. Ní Minamata, ní orílẹ̀-èdè Japan, níbi tí àrùn náà ti hàn síta ní ọdún 1956, ilé iṣẹ́ kan ló da mẹ́kúrì sómi. Àwọn ìyá jẹ ẹja, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ló fi ara gbà á. Mo rántí àtẹ Aṣéjírẹ́. Kò sí ẹni tó lè wo ẹja díndín kó sọ bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà sọ fún mi pé, "Mọ́mì, ẹ fún wa níṣẹ́ mìíràn, a ó ju ṣọ́bìrì yìí sílẹ̀ lónìí." Èmi kò rò pé ẹni tó wà nínú ẹrẹ̀ dé orókùn ló yẹ kí a kọ́kọ́ bá wí. Ẹni tó ra ẹ̀rọ náà fún un, tó sì ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbé abúlé, kò sì mu omi kànga ibẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ nínú agbo ilé ní òjé nínú. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú.

Kànga abúlé tí mo sọ yìí kò jìnnà sí odò, omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ àti ti odò sì ń wọnú ara wọn. Ìyá ọlọ́mọ kan fi yé wa pé òun máa ń fi álọ́ọ̀mù sí omi rẹ̀, òun a sì sè é. Ohun tó dára ló ń ṣe: sísè ń pa kòkòrò onígbá-méjì àti ti táífọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n iná kì í pa òjé. Omi ló ń di ooru lọ, òjé a dúró sínú ìkòkò, omi tó ṣẹ́kù a sì le jù ti àkọ́kọ́ lọ. Álọ́ọ̀mù ní tirẹ̀ a máa fa ẹrẹ̀ àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Èyí tó ti yọ́ sínú omi lè má bá a lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà á níyànjú pé ní ìgbà òjò, kó máa gbe omi láti orí páànù, lẹ́yìn tí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ òrùlé, kó sì pa omi kànga mọ́ fún aṣọ fífọ̀ títí tí àyẹ̀wò yóò fi jáde. Ó bu omi kànga náà sínú ike kan tí kò sí nínú ètò rẹ̀.

Ìgèdè ló gbẹ̀yìn. A tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú orísun náà, wọ́n sì mú wa wọlé. Lẹ́yìn gbogbo omi gbalasa Aṣéjírẹ́, ibi tí Ọ̀ṣun ti bẹ̀rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé bí òun kò bá ní ike ti ibí yìí, àwọn yòókù kò ní ẹlẹ́rìí, nítorí pé àpáta fúnra rẹ̀ lè ní irin díẹ̀ tó ń yọ́ sínú omi, ènìyàn sì lè sọ pé bí Ọ̀ṣun ṣe wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ohun tó bá lé lórí ti Ìgèdè ni yóò wá ìdí rẹ̀ lọ́nà.

Ó kọ ọ́ sára ike: Ìgèdè, aago mẹ́wàá àárọ̀, omi mọ́ lójú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ "lójú". Ó ní ojú nìkan la tíì fi wò ó. Yìnyín inú kúlà ti ń yọ́, ó ní kí a tètè máa lọ.