Ìka Ọwọ́ Ni Ó Yẹ Kí Ó Yan Bọ́tìnnì, Kì Í Ṣe Ojú

Kò sí àgbẹ̀ tí yóò ra ọkọ́ tuntun lọ́jà tí kò ní gbé e sọ́wọ́, kí ó wọn ìwúwo rẹ̀ wò kí ó tó yọ owó lápò. Aránṣọ kì í ra àlùmọ́gàjí láì kọ́kọ́ fi gé àkísà wò. Onílù kò sì jẹ́ sanwó gángan tí kò tíì gbé sí abíyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi ìka mẹ́wàá jẹun, tí ó ń tẹ̀wé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun ni yóò wọ ṣọ́ọ̀bù, tí yóò nàka sí kíbọ́ọ̀dù tí iná rẹ̀ ń tàn yanran, tí yóò sì ní kí wọ́n dì í fún òun. Ojú ni ó rajà. Ọwọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ wò kò hàn sójú, abẹ́ bọ́tìnnì ni ó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù tí ó kún ọ́fíìsì àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, rọ́bà ni ó wà lábẹ́ wọn, tí a ṣe bí òrùlé ahéré kékeré. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, òrùlé náà a wó lulẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ìgbà tí bọ́tìnnì bá dé ìsàlẹ̀ ni lẹ́tà tó jáde. Bí ó bá pẹ́, rọ́bà a di ahẹrẹpẹ, àwọn lẹ́tà kan a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí. Irú kejì yàtọ̀. Nínú tirẹ̀, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni ó ní súwíìṣì tirẹ̀: ilé ike kékeré, òpó kan tí ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, sípíríǹgì tí ń ti òpó náà padà, àti irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n ń kan ara wọn. Irú èyí kì í dúró de ìsàlẹ̀. Ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà ni ó ti jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1985 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kíbọ́ọ̀dù kan jáde tí wọ́n pè ní Model M. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ dé ibì kan, sípíríǹgì abẹ́ rẹ̀ a tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójijì, a sì ta kẹ́! Ẹni tí ó bá ti lo táípúráítà rí kò ní ṣàì rántí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lo Model M àtijọ́ títí di òní, ilé-iṣẹ́ Unicomp ní ìpínlẹ̀ Kentucky sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1996. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ́jà súwíìṣì ni Cherry, ilé-iṣẹ́ tí Walter Cherry dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1953, tí ó padà fìdí kalẹ̀ sí Jámánì. Súwíìṣì MX tí wọ́n gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó di òṣùwọ̀n fún gbogbo ọjà. Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn láti dá a ṣe parí ní nǹkan bí 2014, ọ̀nà là gbòòrò fún àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi Kailh àti Gateron láti máa ṣe irú rẹ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Pupa kì í dún, kò sì ní gegele kankan lójú ọ̀nà. Gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ ni ó ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti Cherry ń fẹ́ agbára tí ó tó ìwúwo gíráàmù 45, ó sì ń jíṣẹ́ bí bọ́tìnnì bá ti rin mìlímítà 2 nínú mẹ́rin tí ó lè rìn. Aláwọ̀ búráùn ní gegele kékeré kan tí ìka ń mọ̀ lára, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gun òkúta wẹ́wẹ́ nínú òkùnkùn. Agbára tirẹ̀ tó gíráàmù 55. Aláwọ̀ búlúù ní gegele, ó sì tún ń ta kẹ́; ó ń fẹ́ gíráàmù 60, ó sì di mìlímítà 2.2 kí ó tó jíṣẹ́. Nǹkan kékeré ni ìyàtọ̀ wọ̀nyí lójú ẹni tí ń kà wọ́n nínú ìwé ìròyìn. Lábẹ́ ìka, wọ́n jìnnà síra bí iyanrìn ṣe jìnnà sí amọ̀.

Ká mú baba kan tí ń tẹ̀wé jẹun, tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń lo kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo nínú ilé. Ọmọ fẹ́ràn láti máa gbá géèmù. Ohun tí ó ń wá ni kí bọ́tìnnì sáré jíṣẹ́, kí ó sáré padà, kí ó sì ṣeé tẹ̀ léraléra láìsí gegele tí yóò dá a dúró. Pupa ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, tàbí irú aláwọ̀ fàdákà tí Cherry ń ṣe, tí ó ń jíṣẹ́ ní mìlímítà 1.2 péré. Bí owó bá tún wà, àwọn kan wà lóde báyìí tí wọ́n ń fi irin òòfà ṣiṣẹ́, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Wooting ti Netherlands sọ di olókìkí. Bí ìka bá ti fúyẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀ ni ó ti gbà pé a ti jọ̀wọ́ bọ́tìnnì náà.

Síbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù tí ó yára kò sọ ọ̀lẹ di akínkanjú, eré pàápàá sì ní òfin. Ní oṣù kẹjọ 2024, ilé-iṣẹ́ Valve tí ó ni géèmù Counter-Strike 2 kéde pé àwọn yóò máa yọ ẹni tí ó bá jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù bá òun ṣe ohun tí ó yẹ kí ìka òun ṣe kúrò nínú ìdíje orí ẹ̀rọ àwọn. Ohun èlò lè ran ọwọ́ lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ ṣe.

Ti baba yàtọ̀. Bí ó bá gbé ìka lé bọ́tìnnì pupa tí ó fẹ́lẹ́, lẹ́tà tí kò pè lè jáde. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń tẹ̀wé ni ó fẹ́ kí gegele sọ fún ìka pé iṣẹ́ ti délé, kí ọwọ́ má baà máa gbá ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kíkankíkan láìnídìí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń yan búráùn tàbí búlúù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dé ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ontàjà bá sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ń dún yìí ni kí ẹ gbà, òun ni gbogbo ayé ń rà.” Gbogbo ayé kọ́ ni yóò bá a gbé e lọ sílé. Ẹni tí ń dìde tẹ̀wé ní aago márùn-ún ìdájí nínú yàrá tí ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ ń sùn sí, bí ó bá ra búlúù, ìjà ni ó rà. Dídún bọ́tìnnì a máa dùn mọ́ ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n etí tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ náà ń gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ agbára ìka náà kò ṣeé fojú tín-ín-rín. Gíráàmù 15 ni ó wà láàárín pupa àti búlúù. Ká ní ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà 20,000 lóòjọ́. Bí a bá ro gíráàmù 15 yẹn pọ̀ ní ìgbà 20,000, ó di kílò 300, ìyẹn ìwúwo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Kì í ṣe pé ìka gbé sìmẹ́ńtì; díẹ̀díẹ̀ ni àárẹ̀ fi ń wọ ara.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹni tí ń kọ Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ètò Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò lónìí fún “ẹ” àti “ọ” ní àyè tiwọn, ṣùgbọ́n “ẹ́” àti “ọ̀” kò ní àyè kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń lẹ àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Níbi tí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn bá ti ní bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá kọ “oro” tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta. Ẹni tí ó bá kọ “ọ̀rọ̀” bí ó ti tọ́ tẹ méje. Iṣẹ́ ju ìlọ́po méjì lọ, owó sì lè máà yàtọ̀. Kò ya ènìyàn lẹ́nu, nígbà náà, pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ọwọ́ ti ń ro ni, àmì ohùn ni ó ń kọ́kọ́ fò. Wọn a ní àìmọ̀wé ni. Nígbà mìíràn, àárẹ̀ ni.

Kíbọ́ọ̀dù tí ó bá ọwọ́ mu kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní àmì ohùn, kò sì lè dín méje kù sí mẹ́ta. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ìkeje má wúwo ju èkíní lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á jókòó ti èyí tí ẹlòmíràn ń lò, kí ó fi kọ ojú ìwé kan gbáko, kì í ṣe orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Kí ó béèrè bóyá súwíìṣì rẹ̀ ṣeé yọ, kí a sì fi òmíràn rọ́pò. Irú èyí wà lọ́jà, ó sì ń dín àbámọ̀ kù. Kí ó rántí eruku ọyẹ́, kí ó máa ṣí orí bọ́tìnnì, kí ó máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ẹni tí kò sì ju ẹni tí ń kọ lẹ́tà kan lọ́sẹ̀, kí ó fi owó rẹ̀ sápò. Rọ́bà tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, kí ó ra èyí tí yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára láti fi àmì sí gbólóhùn tí ó kẹ́yìn, bí ó ti fi sí ti àkọ́kọ́.