Ẹ̀dà Mélòó Ni Kí A Tẹ̀?

Nígbà tí mo wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìlú Èkó, ìbéèrè kan a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́: ẹ̀dà mélòó ni kí a tẹ̀ lálẹ́ òní? Olóòtú wa a ní kí wọ́n tẹ púpọ̀, nítorí ojú a máa tì í bí òǹkàwé bá dé ọ̀dọ̀ fẹ́ńdọ̀ tí kò bá ìwé wa. Ọ̀gá tó ń mójú tó títà a ní kí wọ́n dín in kù. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló ń borí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọkọ̀ a kó àìtà padà dé, a ó sì fi òṣùwọ̀n tà á fún àwọn ẹlẹ́pàá àti aláàkàrà. Mo ti ra ẹ̀pà rí tí wọ́n fi ìròyìn tí èmi fúnra mi kọ wé.

Ẹ̀yìn tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìṣirò ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tipẹ́, àti pé olùta ìwé ìròyìn gan-an ni wọ́n fi sọ àwòṣe ìṣirò náà lórúkọ. Francis Edgeworth ti lo irú èrò yìí ní 1888 láti wo iye owó tó yẹ kí báńkì tọ́jú de àwọn tí yóò wá gbowó.

Kò sẹ́ni tó mọ iye ènìyàn tí yóò ra ìwé lọ́la. Ká ní ẹ̀dà kan ń ná wa ní ₦60, tí a sì ń tà á ní ₦100. Bí ìwé bá tán kí oníbàárà tó dé, èrè ₦40 bọ́. Bí kò bá tà, ₦60 ṣòfò. (Owó ẹlẹ́pàá a dín òfò náà kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fo ìyẹn.) Ẹ pín 40 sí àpapọ̀ 40 àti 60: ìdá 4 nínú 10. Ìyẹn ni pé kí a yẹ àkọsílẹ̀ títà wò, kí a tẹ iye tí yóò tó àwọn olùrà ní ọjọ́ 4 péré nínú 10. Ní ọjọ́ 6 yòókù, ìwé yóò tán.

Olóòtú wa ì bá bínú gidi. Èmi náà ì bá bínú. Síbẹ̀, ó ní àwíjàre: òǹkàwé tó wá wa tì lẹ́ẹ̀mẹta lè yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, àwọn olùpolówó ọjà yóò sì tẹ̀ lé e. Bí a bá ka àdánù oníbàárà kan sí ₦90 dípò ₦40, ìdáhùn yóò di ọjọ́ 6 nínú 10. Iye yẹn gan-an ló yẹ kí a máa jà lé lórí. Ẹnì kan kò bèèrè rẹ̀ rí.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jẹ wá lówó oṣù kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù jáde, mo rí ìwé ńlá tí ọ̀gá títà ń kọ iye tó jáde àti iye tó padà sí lójoojúmọ́. Àárín àìtà ló wà, wọ́n ti fi okùn dì í pọ̀ mọ́ ọn, de ẹlẹ́pàá.