Òṣùwọ̀n Wo Ni A Ó Fi Wọn Ìwádìí Ìjọba Lórí Àyíká?

Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ìṣòro ìdíwọ̀n. A ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ọgbọ́n ìgbéléwọ̀n, a sì ń tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé ìdánwò tí kò bá wọn ohun tí a ní kí ó wọ̀n, iṣẹ́ asán ni, bí ó ti wù kí máàkì inú rẹ̀ péye tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwádìí tí ìjọba ń fi owó ìlú ṣe lórí afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀, ẹ̀kọ́ yìí a máa di àwátì lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣètò ìṣúná. Wọn a ní kí onímọ̀ kó iye ìwé tí ó tẹ̀ jáde wá, àti iye owó tí ó ná, àti iye oṣù tí ó fi ṣe é. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń wọ̀n yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń wá.

Amẹ́ríkà ni n ó ti mú àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di àríyànjiyàn gidi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà. Oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni wọ́n dá Àjọ Ìdáàbòbò Àyíká wọn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí EPA, sílẹ̀. Àjọ náà sì ní ẹ̀ka ìwádìí tirẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin tí ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti máa jíhìn ohun tí iṣẹ́ wọn mú jáde. Nígbà tí ó di ọdún 2002, lábẹ́ Ààrẹ George W. Bush, ọ́fíìsì tí ń bójú tó ìṣúná fún Ààrẹ gbé òṣùwọ̀n mìíràn kalẹ̀. PART ni wọ́n pè é. Ìbéèrè ni wọ́n tò sínú rẹ̀, ètò ìjọba kọ̀ọ̀kan yóò dáhùn, wọn yóò sì fún un ní máàkì. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ètò náà fi hàn lọ́dọọdún pé òun túbọ̀ ń fi owó díẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀.

Fún ẹni tí ń la títì, ìbéèrè yìí kò le: kí ó ka máìlì tí ó là, kí ó fi owó tí ó ná pín in. Kí ni ẹni tí ń wádìí májèlé inú afẹ́fẹ́ yóò kà?

Ẹ jẹ́ kí n fi òjé ṣe àlàyé. Òjé kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ni àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ wọn, òun náà sì ni apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì. Ní ọdún 1923, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo mọ́tò tí wọ́n po èròjà òjé mọ́ ní Amẹ́ríkà, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa kan gbà-gbà-gbà. Láti ẹnu páìpù èéfín ni òjé yìí ti ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́, tí ó ń bà sórí erùpẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Májèlé tí kì í pariwo ni. Ọmọ tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má ṣubú lulẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ní ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ. Olùkọ́ rẹ̀ lè máa pè é ní olódo, láìmọ̀ pé títì ẹ̀gbẹ́ ilé wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Láàárín ọdún 1976 sí 1980, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò ìlera káàkiri orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì wọn òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí òjé inú epo ti ń dín kù ni ti inú ẹ̀jẹ̀ náà ń lọ sílẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, ó já láti máíkírógíráàmù 14.6 nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan sí 9.2, ìyẹn ìdínkù ìpín 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1983 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn. EPA mú un lò nínú ìṣirò èrè àti àdánù tí ó ṣe, ó sì pàṣẹ ní ọdún 1985 pé kí òjé inú gálọ́ọ̀nù epo olójé kan, tí ó jẹ́ gíráàmù 1.1, má ju gíráàmù 0.1 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1996, títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ títì di èèwọ̀.

Ká ní òṣùwọ̀n PART ti wà ní ọdún 1978, kí ni àwọn tí ń gba ẹ̀jẹ̀ kiri ì bá kọ sínú rẹ̀? Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún ọmọ ọlọ́mọ, owó sì ń jáde. Wọn kò wo ọmọ kan ṣoṣo sàn. Bí ẹnì kan bá dá wọn dúró ní ọdún kejì pé kò sí èso, ìlà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn kì bá tí hàn sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀ràn ta ni ó ni èso náà tún wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lé òjé kúrò nínú epo. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí ń fọ èéfín sí ìdí ọkọ̀ tuntun, òjé sì ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́, nítorí náà epo tí kò ní òjé di ọ̀ranyàn. Ṣé ẹ̀rọ ni kí a wá yìn ni, tàbí aṣòfin, tàbí dókítà, tàbí ẹni tí ó di ìgò ẹ̀jẹ̀ mú? Bí ẹ bá ní kí n pín máàkì ọgọ́rùn-ún láàárín wọn, n kò ní gbà.

Èso náà kò sì dúró sí ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò yọ òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, wọ́n ti ṣe é. Àjẹ́ríà ni ó kẹ́yìn gbogbo ayé, ní oṣù Keje ọdún 2021. Èmi tí mo lo ìgbà èwe mi lẹ́bàá títì tí mólúè àti dánfó ń gbà kọjá ní Èkó, mo máa ń bi ara mi pé inú ìwé ìṣirò ta ni Amẹ́ríkà ni wọn yóò kọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ Múṣin sí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí igi kò gún lójú kì í mọ ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní rí ẹ̀rí kankan mú wá fún ọ́fíìsì ìṣúná.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dojú rú, EPA gbé e tọ àwọn àgbà onímọ̀ National Academies lọ, àwọn wọ̀nyí sì gbé ìròyìn wọn jáde ní ọdún 2008. Wọ́n ní fífi àbájáde ìkẹyìn wọn bí ìwádìí ti ń lo owó sí kò ṣeé ṣe, kò sì tọ̀nà. Wọ́n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Bí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń yára sí àti bí owó ti ń rìn ṣeé kà ní oye. Ṣùgbọ́n bóyá ìwádìí tí ó yẹ ni a ń ṣe, àti bóyá a ń ṣe é dáadáa, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà àti àwọn tí yóò lò ó ni kí a pè kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo gbà pẹ̀lú wọn, àmọ́ kì í ṣe láìní àmì ìbéèrè. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ lè di gbà-fún-mi-kí-n-gbà-fún-ọ. Nítorí ìbẹ̀rù èyí ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe fẹ́ràn láti máa ka ìwé. Ẹni tí ó fi ọdún mẹ́fà gba orúkọ ewé àti ìlò wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ yóò jókòó ti ẹni tí ó kọ ìwé pélébé mẹ́fà, ẹni ìkẹyìn ni wọn yóò sì gbé ga. Iye kò mọ ojúsàájú lóòótọ́. Kò mọ ewé pẹ̀lú.

PART kò pẹ́ láyé. Ìjọba Obama tí ó dé ní ọdún 2009 pa á tì. Ẹ̀ka ìwádìí EPA ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Keje ọdún 2025, àjọ náà kéde pé òun yóò pa ẹ̀ka náà rẹ́, òun yóò sì gbé ọ́fíìsì mìíràn dìde fún iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n ka èrè rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìdínkù òṣìṣẹ́ tí ó kù: mílíọ̀nù dọ́là 748.8 ni àjọ náà ní òun yóò fi pamọ́. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ka ìkéde náà ní kíláàsì bí ẹni ń yẹ ìwé ìdánwò wò. A kò rí iye kankan nínú rẹ̀ tí ó dúró fún ìwádìí tí kò ní wáyé mọ́.