Ilé orí igi tó wà ní Lẹ́kí: igi ni lánlọ́ọ̀dù o!

Tí wọ́n bá ti sọ pé ẹnì kan fẹ́ kọ́lé l'Èkó, igi ló kọ́kọ́ máa ń fara gbá a. Kí bíríkìlà tó dé, àwọn agégi á ti wọlé, kó tó dalẹ́, ilẹ̀ á ti mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ilé kan wà lọ́nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi ibẹ̀ ni ilé náà parẹ́. Orí igi gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Inú ọgbà Lekki Conservation Centre ló wà, lọ́kàánkán ilé-iṣẹ́ Chevron. Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ lọ́dún 1980, ló ni ọgbà yìí, ọdún 1990 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ní Lẹ́kí á mọ̀ pé ká fi hẹ́kítà 78 sílẹ̀ fún ọ̀bọ àti ìgalà, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Bí èèyàn bá ti wọlé báyìí, ariwo fèrè mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Orí afárá onípákó ni wọ́n ń gbà la àbàtà kọjá. Ọ̀kín á máa rìn bí ìyàwó ọjọ́ ìdána. Ẹni tó bá mú bisikíìtì dání kó tètè fi í pamọ́ o, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ, wọ́n máa ń gbà ni! Afárá òkè tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015 náà wà níbẹ̀, gígùn ẹ̀ tó mítà 401, ó sì máa ń mì lẹ́sẹ̀ ẹni bí ẹni tó mu ẹmu yó.

Ilé orí igi ló wá kù. Àkàbà onígi ni wọ́n fi ń gùn ún, ó sì ga débi pé ẹni tí àyà ẹ̀ ò bá le lè dúró láàárín méjì, kò ní lè gòkè, kò sì ní lè sọ̀. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí ewé lọ súà nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni òrùlé ilé tó fún mọ́ra wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn, orí àbàtà tí wọ́n da yanrìn sí ni wọ́n wà. Nígbà tí omi ya bo Lẹ́kí àti Victoria Island lóṣù Keje ọdún 2017, ilé ẹ̀ àtijọ́ ni omi náà padà wá.

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, tó sì ní máńgòrò ńlá lẹ́yìnkùlé, ọkàn ẹ̀ lè máa sọ pé kóun náà pe káfíńtà. Kò burú, ṣùgbọ́n kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ìbẹ́pẹ ò lè gbélé. Igi tó ti dàgbà, tí ìdí ẹ̀ ki, ló lè ṣe é. Tí wọ́n bá gbá a, tó ń dún bí ìlù, inú ẹ̀ ti jẹrà nìyẹn.

Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi wáyà tàbí okùn so ilé mọ́ igi yípo. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ ń gbà látinú ewé lọ sí gbòǹgbò, bí igi bá sì ṣe ń sanra ni wáyà á máa fún un lọ́rùn, títí tẹ́mìí á fi bọ́. Ìṣó wẹ́wẹ́ tí wọ́n kàn jọ síbì kan náà ò dáa, ojú ọgbẹ́ wọn á para pọ̀, ibẹ̀ á sì jẹrà. Láwọn ọdún 1990 ni Michael Garnier, ní ìpínlẹ̀ Oregon l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo bóòtù irin ńlá kan tí wọ́n á fi gún igi lójú kan ṣoṣo. Ọgbẹ́ kan ni igi máa tọ́jú, á sì dàgbà yí irin náà ká.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn náà tún wà ńbẹ̀. Tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé, igi á mì. Ilé tí wọ́n kàn pa mọ́ igi méjì máa ya ni, torí bí ọ̀kan ṣe ń lọ sílá ni èkejì ń lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí apá kan máa yọ̀ lórí irin. Ibi tí igi bá ti la pákó ilẹ̀ kọjá, kí wọ́n fàyè sílẹ̀ kó lè rí ibi sanra sí. Pákó ìrókò ni kí wọ́n lò, ikán ò fi bẹ́ẹ̀ rí i jẹ. Kí wọ́n sì fi igi ṣọgbà yí etí ẹ̀ ká, kọ́mọ má baà já bọ́.

Ẹni tó bá kọ́ irú ilé yìí, ayálégbé lórí igi ló jẹ́. Lánlọ́ọ̀dù yìí ò ní béèrè owó ilé lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá pa á nìkan, ìjáde ti dé nìyẹn.