Ta Ló Lè Ya Òṣòdì?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ojú ayàwòrán kátúùnù ń rí, ẹ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Òṣòdì ní Èkó ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá wo ìsàlẹ̀. Kọ̀ndọ́ọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ kí dánfó tó dúró, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń ké “Ìsọlọ̀! Ìsọlọ̀!” Alábàárù ń kígbe àgò. Agbèrò ń gba tirẹ̀. Àwọn tó ń ta gàlà ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti ń lọ.

Gbogbo ìyẹn ló ń rìn, ṣùgbọ́n àwòrán kì í rìn, ojú wa ló ń tàn wá. Nínú sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró gbọin. Àwọn oníkátúùnù mìíràn a máa ya 12, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ènìyàn méjì bá jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ẹnu àti ọwọ́ nìkan ni ayàwòrán yóò máa yí padà. Níbi tí igba ènìyàn bá ti ń gbé ẹsẹ̀ ńkọ́? Irinwó ẹsẹ̀ ni yóò yà, yóò sì tún wọn yà, kí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó pé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo ìtàn iṣẹ́ yìí bí ìtàn ọwọ́ tó ń wá ìsinmi. Lọ́dún 1908, Émile Cohl ní Faransé ya nǹkan bí 700 àwòrán fún fíìmù tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìlà lásán ni, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn. Winsor McCay ya Gertie, ẹranko ńlá ayé àtijọ́, ní 1914, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń bá a da òkúta àti igi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sórí ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ọdún yẹn náà ni Earl Hurd tọrọ ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n kan ní Amẹ́ríkà: ya ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kí o ya ohun tó ń rìn sórí ike tó mọ́ gaara, kí o gbé e lé e. Bó bá jẹ́ Òṣòdì ni, afárá àti ibùdókọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019 yóò wà lórí bébà kan, dánfó nìkan la ó máa tún yà. Lotte Reiniger ní Jámánì kò tilẹ̀ yà rárá. Ó fi àlùmágàjí gé páálí dúdú, ó so oríkèé wọn, ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà títí fíìmù gígùn rẹ̀ fi jáde ní 1926. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn.

Iṣẹ́ yìí dé ìhà tiwa náà: Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ oníkátúùnù Norman McLaren ní Kánádà, fi àkèré ṣe ààrẹ nínú *Bon voyage, Sim* ní 1966.

Èrò púpọ̀ ni ike Hurd kò rí ojútùú sí. Agbo ẹran tó ya wọ àfonífojì nínú *The Lion King* (1994) kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, síbẹ̀ ó gba àwọn oníkọ̀ǹpútà lé ní ọdún méjì.

Ní ti Èkó gan-an, eré kátúùnù *Iwájú* jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ Kugali ló rò ó, Disney ló náwó sí i, ilé-iṣẹ́ Cinesite lókè òkun ló mú un rìn. Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n Èkó inú rẹ̀ láyè jù fún mi. N kò bá wọn jà; ènìyàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún ojú pópó, owó ni. *LadyBuckit and the Motley Mopsters* ti ṣáájú rẹ̀ dé sinimá wa ní 2020. Lónìí, ọmọ Ìsọlọ̀ kan lè gba Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe kátúùnù, lọ́fẹ̀ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó máa gbàdúrà kí iná má lọ lóru nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń to àwòrán.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá èrò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ láti yẹra fún ara wọn. Ní Òṣòdì, ta ló ń yẹra? Èjìká la fi ń tì, ìgbáròkó la fi ń gba ọ̀nà, oníṣòwò a sì di ọwọ́ rẹ mú kó tó béèrè ohun tí o fẹ́ rà. Ọmọ tó bá fẹ́ ya ibẹ̀ yóò ní láti yọ òfin ìyẹra yẹn kúrò ná.