Táńkì Oníke Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ilé Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tèmi, thread gígùn ni eléyìí o. Ẹ gbé omi tútù dání, torí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná la fẹ́ sọ.

Nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí iṣẹ́ mi lọ́dún yìí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe táyà, kì í ṣe ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Táńkì oníke kan ni, tí kò tóbi ju kẹ́ẹ̀gì òróró kékeré lọ.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo ní bọ́ọ̀sì Volkswagen LT kan tí mo sọ di ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, sólà kékeré wà lórí ẹ̀ tó ń gbé iná fún kámẹ́rà mi. Bàbá mi ló fi ń kó obì àti kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo parí OOU ní Àgọ́-Ìwòyè tí iṣẹ́ ò yọjú, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì tà á. Wọ́n ní, "Ó dáa. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá kú, àwọn oní-kọ̀ndẹ́ḿ ló ni ín."

Ìkarahun ni mo sọ ọkọ̀ náà. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èmi ni ìgbín yẹn.

Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni kéèyàn máa gbé inú ọkọ̀. Pelumi Nubi, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, dá wa Peugeot 107 kékeré láti London dé Èkó ní 2024, ó sì ṣe ibi ìsùn sínú ẹ̀. Bàbá mi wo fídíò ẹ̀ tán, wọ́n ní, "Ọmọ ta nìyí?" Látìgbà yẹn, wọn ò fi mí rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Òórùn ló fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti wakọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Igbó, òórùn dídùn kan á gba inú ọkọ̀, bíi ti ṣúgà tó ń yọ́ nínú páànù. Àbúrò mi ní páfíìmù mi ni. Tó bá di àárọ̀, omi inú táńkì á ti wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Mo wo abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ gbẹ. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú, páálí gbẹ. Omi ń lọ, a ò rí ibi tó ń gbà.

Ìdí rèé. Táńkì ti là lójú ibi tí wọ́n ti so apá òkè mọ́ apá ìsàlẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ojú yẹn á pa dé. Tó bá gbóná, á ṣí, omi á ta sórí irin gbígbóná, á gbẹ kó tó kan ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ìlà pínkì gbígbẹ kan tó lẹ̀ mọ́ ara táńkì. Ìyẹn lẹ̀rí.

Kí wá ni táńkì yìí ń ṣe gan-an?

Omi ló ń gbé ooru ẹ́ńjìnnì lọ sí ráádíétọ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ kúrò. Omi tó bá gbóná máa ń wú, táńkì yìí ló sì ń fún un láàyè láti wú sí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, rìsáfù lásán ni táńkì ẹ̀gbẹ́ yẹn, pressure ò sí nínú ẹ̀. Àmọ́ lára LT tèmi, inú táńkì gan-an ni pressure wà.

Ẹ rántí ìkòkò pressure tí màmá yín fi ń se ẹ̀wà. Omi lásán máa ń hó ní 100°C. Tí ìdérí bá dì í mú dáadáa, kò ní hó títí dé nǹkan bí 120°C. Bí ìdérí táńkì ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Tí táńkì bá wá là, pressure á sá, omi á dín kù, èyí tó kù á tètè hó. Orí ẹ́ńjìnnì á tẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á lọ. Látorí ike kékeré, ẹ ti dé owó ẹ́ńjìnnì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tó sọ: "Àǹtí, ẹ pe bọ̀ọ̀dá tó ni ọkọ̀ wá, kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi sáńpépà ha ojú ibi tó là, ó po gọ́ọ̀mù oríṣi méjì pọ̀, ó fi lẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Títí ayé ni."

Kò sí táńkì LT ní gbogbo àgbègbè yẹn lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ sì ń dúró dè mí: fídíò mẹ́fà nípa oúnjẹ ojú omi ní Ogun Waterside. Wọ́n ti san ìdajì owó, ìdajì yẹn sì ti di owó ilé ìwé àbúrò mi. Tí n kò bá kó fídíò yẹn sílẹ̀, gbèsè ni mo jẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lójú ọ̀nà, n kò ní iṣẹ́, n kò ní ilé.

Títí ayé yẹn, ọjọ́ mẹ́rin péré ni.

A ti kọjá Ìbíàdé, a dorí kọ Abígí, oòrùn ọ̀sán ń ta wá. Ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, tó máa ń dúró láàárín, bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. N kò dúró kó dé ibi pupa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo pa ọkọ̀. Èéfín funfun yọ níwájú bí ẹni pé a ń ṣe mọ́ínmọ́ín.

Àwọn èèyàn wa láàánú, àánú yẹn náà sì máa ń léwu nígbà mìíràn. Ọlọ́kadà kan ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ti fi wé ọwọ́, ó fẹ́ ṣí ìdérí. Mo dúró síwájú ọkọ̀ bíi gólì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀." Ó ní òun ti ṣe é rí. Mo ní mo gbà, àmọ́ ẹ má ṣe é lónìí.

Ẹ gbọ́ o. Omi tó ti kọjá 100°C, tí ìdérí ṣì dì mú, tí ẹ bá tú u sílẹ̀, á di èéfín lójú ẹsẹ̀, á fò mọ́ yín lójú. Táńkì ní tókunbọ̀. Ojú ò ní.

A dúró tó wákàtí kan. Ọmọdékùnrin kan sáré pọn omi odò wá, Ọlọ́run á bù kún un, àmọ́ omi náà pọ́n bíi tíì. Ẹrẹ̀ inú ẹ̀ á lọ dí ojú ihò tín-tìn-tín inú ráádíétọ̀. Màmá kan tó ń yan ẹja nítòsí ló ní, "Ọmọ mi, omi òjò wà nínú dúrọ́ọ̀mù mi, ẹ wá bu." Ìyẹn ló dáa. Omi òjò kì í fi èépá sílẹ̀ bíi ti kànga. Wọn ò gbowó. Mo ra ẹja.

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ rèé. Mo dé ìdérí, àmọ́ n kò fún un pa, kí pressure má baà tún ya ojú tó là. Omi á tètè hó nígbà yẹn, torí náà mo ń rọra lọ, mo ń dúró lóòrèkóòrè, mo ń jẹ́ kó tutù kí n tó bu omi sí i. Mo sì tan hítà ọkọ̀ dé òpin.

Hítà o! Ní Ogun Waterside! Lọ́sàn-án gangan!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Hítà ọkọ̀ dà bí ráádíétọ̀ kékeré kejì. Ó ń gba ooru lára omi ẹ́ńjìnnì, ó ń fẹ́ ẹ sí wa lójú. Èmi àti àbúrò mi làágùn bí ẹni tó wà nínú ààrò búrẹ́dì, àmọ́ ọwọ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀. A dé Abígí.

A gbé Ìkarahun síbẹ̀, a fi ọ̀kadà àti ọkọ̀ ojú omi ṣe fídíò tó kù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi pè. Ohùn wọn tutù, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. "Gbé e bọ̀ wálé. Màá ti pe àwọn tó máa rà á." Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan." Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀sẹ̀ kan."

Ọ̀rọ̀ ríra táńkì wá kàn. Ládípò ní Mushin ni gbogbo wa mọ̀, àmọ́ ẹ má kàn pè wọ́n kẹ́ ẹ sọ pé "táńkì LT." Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ike yẹn. Ẹ ka iye ẹnu hóòsì tó ní, kẹ́ ẹ wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ẹni àkọ́kọ́ fi èyí tó jọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹnu hóòsì kan ló fi dín. Èyí tó jọ ọ́ kì í ṣe òun.

Wọ́n tún ní kí n mú tókunbọ̀, pé ojúlówó ni. Òótọ́ ni pé tókunbọ̀ irin lè dáa ju tuntun tí kò láyọ̀lé lọ. Àmọ́ ike lèyí. Gbígbóná àti títutù lójoojúmọ́ ló ń jẹ́ kó gan, kó sì là. Tókunbọ̀ ti jẹ lára ọjọ́ ayé ẹ̀ lókè òkun kó tó dé. Tuntun ni mo rà, pẹ̀lú ìdérí tuntun, torí ìdérí tí spring ẹ̀ ti le jù lè jẹ́ kí pressure ya táńkì tuntun náà. Wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọkọ̀ èrò. Owó méjèèjì kò tó owó epo tí mo fi lọ Abígí tí mo fi bọ̀.

A gbéra ní Abígí nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, kí afẹ́fẹ́ ṣì tutù. Hítà, ìdúró, omi òjò, bẹ́ẹ̀ la ṣe títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó.

Bàbá àgbàlagbà kan tó mọ ọkọ̀ yìí láti ayé kòkó ló bá mi ṣe é. Bàbá mi gbé bẹ́ǹṣì, wọ́n jókòó tì wá, wọn ò sọ nǹkan kan.

Àárọ̀ la ṣe é, tí gbogbo ẹ̀ ti tutù. A gbe omi tó wà nínú ẹ̀ sí bẹ́ẹ̀sìnnì, a sì gbé bẹ́ẹ̀sìnnì náà jìnnà sí ilẹ̀. Ẹ fọkàn sí èyí: kúláǹtì máa ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ á lá a, ajá á lá a, ọmọdé náà á lá a.

A tú kílíìpù, a yọ hóòsì. Ẹnu hóòsì méjì ti gan, a pààrọ̀ wọn. A tú wáyà tó ń sọ fún dáṣíbọ́ọ̀dù pé omi ti dín, a yọ táńkì àtijọ́, a de tuntun. Ọmọ iṣẹ́ kan ní ká kúkú yọ thermostat dànù, pé ilẹ̀ òyìnbó ló wà fún. Bàbá ní, "Tó o bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa jẹ epo bí ọmọ ìkókó tó ń mu ọmú." Ó kú síbẹ̀.

A fi omi tútù fọ inú ẹ̀ títí tó fi mọ́. A wá po kúláǹtì tuntun mọ́ omi tí kò ní èépá, ìdajì kan, ìdajì kan. Àwọn kan ní níwọ̀n ìgbà tí yìnyín ò sí níbí, pọ́ọ̀ wọ́tà ti tó. Rárá o. Kúláǹtì kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ẹ má sì fi àwọ̀ nìkan yan án. Ẹ ka ara kẹ́ẹ̀gì, torí oríṣi míì tí a bá pò mọ́ra lè dì bí ògì.

Lẹ́yìn náà, a tan ọkọ̀ pẹ̀lú hítà ní títàn, a ń fọwọ́ tẹ hóòsì kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Nígbà tí hóòsì ìsàlẹ̀ gbóná, a mọ̀ pé omi ti ń yí ká. A pa á, a jẹ́ kó tutù, a tún wò ó, a fi díẹ̀ kún un.

Mo wà á lọ Àgọ́-Ìwòyè, mo wà á bọ̀. Bàbá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A délé, wọ́n ṣí iwájú ọkọ̀, wọ́n fi ìka kan ojú ibi tí wọ́n ti so táńkì, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Ó gbẹ. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lo tún ń lọ Abígí? Mo ti pẹ́ tí mo jẹ ẹja ibẹ̀."

Fídíò mẹ́fà ti lọ. Ìdajì owó tó kù ti wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ọkọ̀ ilé ni o, kóróópe ni o: ní àràárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ wo ìlà omi yẹn. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Tí òórùn dídùn bá sì gba inú ọkọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé páfíìmù ni.